Kọ̀ǹpútà Mi Ń Dákú Mọ́ Mi Lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ṣe káàdì ìpè àti pátákó ìpolówó fún àwọn oníbàárà, mo ń gé fídíò ìgbéyàwó, mo sì ń gba ohùn sílẹ̀ fún ìpolówó orí rédíò. Laptop tí mo ń lò kò ní ju RAM 4GB lọ. Bí mo bá ṣí Photoshop, tí mo tún ṣí fídíò, tí WhatsApp àti nǹkan bí ojú ewé mẹ́wàá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló máa dákú. Mo ti tọ́jú N600,000. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kó ìlàjì rẹ̀ lé graphics card, kí n fi ìyókù wá àwọn nǹkan tó kù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe? Ṣé kí n ra tuntun ni àbí tòkunbọ̀? Abọ́sẹ̀dé, Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Abọ́sẹ̀dé, àbúrò mi, má kó ìlàjì owó rẹ lé graphics card, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́ pé ó wúlò, àmọ́ àìsàn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà tìrẹ yàtọ̀. Àyè ni kò sí níbẹ̀.

Wo télọ̀ tó ń gé aṣọ lórí tábìlì kékeré. Aṣọ kan ti gba orí tábìlì tán, ó kó èkejì sílẹ̀, bó bá sì ti fẹ́ lò ó, á kọ́kọ́ gbé ti orí tábìlì kúrò, á wá bẹ̀rẹ̀ mú ti ilẹ̀. RAM ni tábìlì yẹn. Nígbà tí Photoshop, fídíò àti ojú ewé mẹ́wàá bá kún inú 4GB, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tí o kò wò lọ́wọ́ lọ sórí disk, á sì tún lọ kó o wá nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́. Àlọ àti àbọ̀ yẹn ni ìwọ ń rí bíi pé ó dákú.

Nítorí náà, 16GB ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ 8GB méjì, má ra 16GB ẹyọ kan. Processor, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa ń ka méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí kò tíì ní graphics card, torí inú RAM yìí kan náà ni àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ ti máa yá àyè lò. Bí o bá rí motherboard, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo nǹkan ń jókòó lé, tó ní ojú ihò RAM mẹ́rin, mú un. Wàá lè fi méjì kún un lọ́jọ́ tí owó bá tún wọlé.

Ohun kejì ni SSD, ìyẹn disk ìpamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Hard disk tó ń yí máa ń ka nǹkan bí 150MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD oníwáyà SATA ń ka nǹkan bí 500MB. Èyí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní NVMe, tó máa ń jókòó sórí motherboard fúnra rẹ̀, lè kọjá 3,000MB. Ra 500GB fún Windows àti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, kí o wá hard disk ńlá olówó pọ́ọ́kú kan fún àwọn ìgbéyàwó tí o ti gé tán.

Lórí tòkunbọ̀ àbí tuntun: pẹ̀lú owó tí o dárúkọ yìí, tòkunbọ̀ ni èmi máa rà fún àbúrò mi. Wá tower ọ́fíìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà alápòótí gíga, bíi HP EliteDesk 800 G4 tàbí Dell OptiPlex 7060 tó ní Core i5-8500. Core mẹ́fà, bí òṣìṣẹ́ mẹ́fà, ló wà nínú processor yẹn, ohun tó ń gbé àwòrán jáde sì wà nínú rẹ̀ láìsí graphics card. Nọ́ńbà 8 tó bẹ̀rẹ̀ 8500 yẹn ni kí o tẹ ojú mọ́, ìran kẹjọ ló ń sọ. Ọ̀pọ̀ tó wà lórí àtẹ ní Queen Cinema jẹ́ ìran kẹrin tàbí ìkẹfà, wọ́n dán, owó wọn sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n Microsoft kò kà wọ́n mọ́ àwọn tó lè gba Windows 11, wọ́n sì ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró láti October 14, 2025. Má sì ra kékeré tó dà bíi Bíbélì. Tower ni kí o rà, torí àyè wà nínú rẹ̀ fún graphics card lọ́la.

Bí o bá kúkú fẹ́ tuntun, tí owó sì kún sí i, Ryzen 5 5600G tàbí Core i5-12400 ni. Àwọn méjèèjì ní core mẹ́fà, àwòrán sì wà nínú wọn. Jọ̀ọ́, ka lẹ́tà tó gbẹ̀yìn dáadáa. Ọmọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá lọ́dún tó kọjá. Fáànù ń yí, iná ń tàn, ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Ó ti tú u, ó ti tò ó láti alẹ́ àná, oorun kò kan ojú rẹ̀. Mo ṣí i, mo nu ojú processor, mo rí i: 12400F. F yẹn túmọ̀ sí pé kò sí àwòrán nínú rẹ̀ rárá. Ryzen 5 5600 tí kò ní G náà, bákan náà ni. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ ọmọ yẹn, graphics card ni kò ní.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù nìyí: power pack, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà. Bàbá mi tún rédíò ṣe ní Òkè-Àdó. Bí wọ́n bá gbé transformer wá bá a, kó tó wo ohunkóhun á kọ́kọ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, á jù ú sókè díẹ̀, á ní, "Èyí ṣófo." Mo mọ èyí láti kékeré, síbẹ̀ mo ra power pack kan tí wọ́n kọ 600W sí lára, tó fúyẹ́ bí agolo mílíìkì tó ti tán, torí pé owó rẹ̀ wọ̀ mí lójú. Ọjọ́ Sátidé kan, fídíò ìgbéyàwó oníbàárà ń jáde lọ, ó ti dé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Iná lọ, iná dé pẹ̀lú agbára, mo gbọ́ "pó!", òórùn ohun tó jóná kún yàrá. Motherboard lọ, disk lọ. Nígbà tí mo tú power pack náà, ibi tó yẹ kí kọ́ìlì tó ń sẹ́ iná wà, wáyà lásán ni wọ́n fi so ó kọjá. Wọ́n ti ya ààyè kọ́ìlì náà sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, wọn kò kàn fi sí i. Mo lọ bẹ ìyàwó tó ni ìgbéyàwó yẹn. Kamẹramáànù ṣì ní fídíò rẹ̀ lọ́wọ́, òun ló yọ mí.

Torí náà, bí o bá ń to tuntun, power pack gidi tó ní àmì 80 Plus ni kí o rà, 450W tàbí 550W tó fún ọ. Àmì yẹn ń sọ pé ó kéré tán, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó bá fà ló ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, ìyókù ló ń di ooru. Bó bá jẹ́ tower tòkunbọ̀, ti inú rẹ̀ dára, fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ HP àti Dell sábà máa ń lo power pack tó ní àrà tiwọn, kì í ṣe gbogbo èyí tó wà lọ́jà ló máa wọ̀ ọ́.

Yálà tuntun ni àbí tòkunbọ̀, yọ owó UPS, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá lọ, sọ́tọ̀ kí o tó ra ohunkóhun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fún ọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi iṣẹ́ pamọ́ kí o sì pa ẹ̀rọ. Má fi laser printer kọ́ ọ o, iná tí ìyẹn ń fà lẹ́ẹ̀kan pọ̀ jù.

Ní ọjà, kí o tó sanwó, ní kí wọ́n tàn án lójú rẹ. Wọ inú BIOS, ojú ètò tó máa ń wà kí Windows tó ṣí, ka processor àti RAM fúnra rẹ. Mú CrystalDiskInfo dání nínú flash, ọ̀fẹ́ ni, á sọ bí ìlera disk ṣe rí àti wákàtí tó ti lò. Fún mọ́nítọ̀, IPS ni kí o béèrè, irú èyí tó ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí. Oníbàárà tó ní kí gèlè òun jẹ́ àwọ̀ ọsàn kò ní gbà bí o bá tẹ̀ ẹ́ ní àwọ̀ osùn.

Graphics card á dé lọ́jọ́ kan, pàápàá bí o bá ń fi DaVinci Resolve gé fídíò, torí òun gan-an ló ń gbé ara lé e jù. Kó tó dé, ṣe ẹ̀dà kékeré àwọn fídíò rẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní proxy, fi ìyẹn gé e, kí o wá padà sí ojúlówó nígbà tí o bá fẹ́ gbé e jáde.

Laptop rẹ ńkọ́? Má tà á. Gbé e lọ sínú yàrá kejì tí fáànù tower kò ti ní dé etí máìkì, kó máa gba ohùn ìpolówó rẹ sílẹ̀. 4GB tó fún ìyẹn.