Éfà Kan Tí Rúùtù Pèéṣẹ́: Kóńgò Mélòó Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. A ka Rúùtù 2:17, níbi tí ọkà báálì tí Rúùtù pèéṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ti tó éfà kan, ni ọ̀kan nínú wọn bá bi mí pé kóńgò mélòó nìyẹn. Ìwé àlàyé kan tí mo yẹ̀ wò ní lítà 22, òmíràn ní kílógíráàmù 13, ẹ̀kẹta sì ní lítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Èwo ni kí n dì mú nínú wọn?

ÌDÁHÙN: Lítà 22 ni kí ẹ dì mú, kí ẹ má sì gbàgbé láti fi “nǹkan bí” ṣáájú rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá ń sọ ọ́. Kílógíráàmù 13 kò ta kò ó rárá, nítorí pé lítà ń sọ bí àyè tí nǹkan gbà ṣe tó, nígbà tí kílógíráàmù ń sọ bí ó ṣe wúwo tó. Báálì tó kún àyè lítà 22 yóò wọn nǹkan bí kílógíráàmù 13 sí 14, bẹ́ẹ̀ omi tó kún àyè kan náà yóò wọn 22.

Ọ̀dọ̀ lítà 40 yẹn gan-an ni àríyànjiyàn wà. Josephus, òpìtàn Júù tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, kọ ọ́ pé bátì kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí àwọn Júù fi ń wọn ohun olómi, gba sextarius 72 (òṣùwọ̀n àwọn ará Róòmù), èyí tó jẹ́ nǹkan bí lítà 39, Èsékíẹ́lì 45:11 sì ti sọ pé ọgbọọgba ni éfà àti bátì. Ṣùgbọ́n àwọn ìkòkò tí wọ́n hú jáde nílẹ̀ ní Lákíṣì àti Tell Beit Mirsim, àwọn ibi tí ìlú Júdà àtijọ́ wà, tí wọ́n kọ bátì sí lára, kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àfọ́kù ni wọ́n bá, W. F. Albright, awalẹ̀pìtàn kan, sì fojú díwọ̀n rẹ̀ pé odidi ìkòkò náà yóò gba nǹkan bí lítà 22. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin Júù, náà ní ìṣirò tiwọn: ẹyin mẹ́fà ni lọ́gù kan, lọ́gù mẹ́rin ni kábù kan, kábù mẹ́fà ni séà kan, séà mẹ́ta sì ni éfà kan. Ẹyin 432 nìyẹn, kéréètì 14 àti ẹyin 12 lé. Bí a bá ka ẹyin adìyẹ kan sí mílílítà 50, ẹ̀bá lítà 22 náà la tún padà sí. Àwọn kan a máa sọ pé obìnrin kò lè ru lítà 40 wọ ìlú. Ẹni tó bá ti rí àwọn ìyá wa tó ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko ní agbègbè yìí kò ní ka ìyẹn sí ẹ̀rí.

Ó wá ku kóńgò. Kóńgò ọjà kò dọ́gba, nítorí pé bí ti ẹlòmíràn ṣe jinlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń lu ìdí tiwọn wọnú, ìwà tí Ámósì 8:5 bá àwọn oníṣòwò ìgbà náà wí lé lórí pé wọ́n ń sọ éfà di kékeré. Nítorí náà, ẹ gbé kóńgò tí ẹ fẹ́ lò lọ sí kíláàsì, kí ẹ máa da omi inú ọ̀rá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, sínú rẹ̀ títí yóò fi kún dé ètè. Bí ó bá gba ọ̀rá mẹ́ta, lítà kan ààbọ̀ nìyẹn, éfà Rúùtù yóò sì jẹ́ kóńgò mẹ́rìnlá ààbọ̀ ó lé díẹ̀; bí ó bá gba mẹ́ta ààbọ̀, kóńgò méjìlá ààbọ̀ ni. Kóńgò tí a fi ọwọ́ nù lójú ni mo ń wí o, kì í ṣe olórí ṣóńṣó tí oníbàárà yín máa ń wọ̀n fún yín.

Ohun kan tilẹ̀ wà tó dá mi lójú ju gbogbo lítà wọ̀nyí lọ. Ẹ́kísódù 16:36 sọ pé ìdá mẹ́wàá éfà ni ómérì kan, ẹsẹ 16 orí kan náà sì sọ pé ómérì kan ni mánà ẹnì kan. Bí a bá fi ìwọ̀n yẹn pín báálì Rúùtù, yóò tó òun àti Náómì jẹ fún ọjọ́ márùn-ún, yálà lítà 22 ni éfà tàbí 39. Báálì kì í ṣe mánà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí èmi ni mo wà níwájú kíláàsì yín, èyí ni n bá kọ́kọ́ kọ sójú pátákó.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ọ̀kan náà ni ómérì àti hómérì? (Láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Éfà mẹ́wàá ni hómérì kan, gẹ́gẹ́ bí Èsékíẹ́lì 45:11 ti wí, nítorí náà ọgọ́rùn-ún ómérì ló wà nínú rẹ̀, nǹkan bí lítà 220, èyí tó ju dúrọ́ọ̀mù lítà 200 lọ. Nínú Númérì 11:32, ẹni tó kó àparò tó kéré jù lọ kó hómérì mẹ́wàá, bíi dúrọ́ọ̀mù mọ́kànlá. Bí ẹ bá ṣèèṣì kà á sí ómérì, éfà kan péré ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Bákan náà ni Àìsáyà 5:10, níbi tí irúgbìn hómérì kan ti mú éfà kan ṣoṣo wá. Kò sí ìdí láti wá lítà kankan síbẹ̀: ẹni tó gbin kóńgò mẹ́wàá kórè kóńgò kan.