Ọ̀rọ̀ wo la lè lò dípò "alábòójútó" nínú èdè Yorùbá?

Alámòójútó ló sún mọ́ ọn jù. Àwọn méjèèjì lè rọ́pò ara wọn nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn. Alákòóso àti olùdarí náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n wọ́n bá ẹni tó ń darí odindi ẹ̀ka mu ju ẹni tó kàn ń ṣọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọ̀gá wọ́pọ̀ lẹ́nu gbogbo èèyàn, àmọ́ a máa ń fi bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò ní ipò kankan náà, torí náà kò tó fún ìwé ìjọba.

Àwọn kan dúró fún iṣẹ́ kan pàtó. Wolé-wolé ni òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń yẹ ilé àti àyíká wò. Láyé àtijọ́, ajẹ́lẹ̀ ni aṣojú tí Ọ̀yọ́, àti Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀, ń fi sí àwọn ìlú abẹ́ wọn láti máa bójú tó wọn, kí ó sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ilẹ̀ Èkìtì wà lára ohun tó fa ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Inú ìtàn ni ọ̀rọ̀ náà, ajẹ́lẹ̀, ti bójú mu. Kò yẹ kí a fi pe máníjà ilé iṣẹ́.