Wọ́n Fẹ́ Da Yangí Sí Ọ̀nà Oko Tí A Ti Ń Gun Kẹ̀kẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àwa ọ̀dọ́ mélòó kan láti Ìlọrin la máa ń gbé kẹ̀kẹ́ wa, irú èyí tí wọ́n fi ń gun òkè, lọ sí ilẹ̀ Ìgbómìnà lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀nà oko kan wà níbẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá. Gbòǹgbò igi àti àpáta ló kún inú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mọ́ wa. Àwọn àgbẹ̀, ọlọ́kadà àti darandaran náà ń gba ibẹ̀. A wá gbọ́ pé àwọn ará ìlú ti dáwó jọ láti gbé gírédà wá, kí wọ́n sì da yangí sí gbogbo rẹ̀. Ṣé kẹ̀kẹ́ gígùn wa ti parí níbẹ̀ nìyẹn? Ṣé a lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ìdáhùn: Ẹ má bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀ o. Ẹni tó ń kó iṣu láti oko dé ọjà, tí táyà ọ̀kadà rẹ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò, òun ló ni ọ̀nà yẹn. Ẹ̀yin, àlejò ọjọ́ Sátidé ni yín. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tí ẹ ní kí gbòǹgbò máa wà níbẹ̀ torí pé ó ń dùn mọ́ yín, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín, wọn ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ bá wọn sọ mọ́. Ọ̀rọ̀ omi ni ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ ọ̀nà ni mo ń ṣe, mo sì ń gun kẹ̀kẹ́. Yangí tí wọ́n tẹ́ dáadáa, tí rólà sì tẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá oníkẹ̀kẹ́. Ó máa ń le, ó sì máa ń gbá táyà mú. Èyí tó ń kó bá yín ni èyí tí wọ́n dà pẹrẹsẹ láìwá ọ̀nà fún omi. Bí òjò bá ti dé, àárín ọ̀nà ni omi á máa ṣàn gbà. Á kó amọ̀ tó so òkúta pọ̀ lọ, òkúta róbóróbó lásán lá sì kù lórí ilẹ̀ líle. Ibẹ̀ ni táyà iwájú ti ń yọ̀ lójijì bí ẹ bá fẹ́ yà. Tí wọn ò bá tún un ṣe, ọgbun á là sí àárín rẹ̀, tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn pàápàá kò ní rí ibi gbà. Ṣé ẹ mọ̀ pé àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Kí gírédà tó dé ló yẹ kí onílé ti múra.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ RAAMP ni, ètò ọ̀nà ìgbèríko tí Báǹkì Àgbáyé lọ́wọ́ sí, tí Kwara náà wà nínú rẹ̀, ẹnjiníà á ti ro ti omi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ará ìlú fowó ara wọn ṣe, ọwọ́ ẹni tó ń wa gírédà ló sábà máa ń kù sí. Ẹ sọ fún wọn pé kí àárín ọ̀nà ga ju etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Fún ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 4, kí àárín fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju etí lọ. Okùn àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà ti tó láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá na okùn láti àárín dé etí, tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì sì fi hàn pé okùn dọ́gba, ẹ wọn àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbi etí. Bí kò bá tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn, kí wọ́n tún un ha.

Ti ara òkè le ju ìyẹn lọ. Ìlànà tí àwọn tó ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lórí òkè ń tẹ̀ lé ni pé kí ọ̀nà má fi ju ìdajì dagun bí òkè fúnra rẹ̀ ṣe dagun. Bí òkè bá sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 20 láàárín mítà 100, kí ọ̀nà má sọ̀ ju 10 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà ni omi á máa tọ̀, kò ní gba orí rẹ̀ kọjá sí ìsàlẹ̀ òkè mọ́. Níbi tí wọn kò bá ti lè yí ọ̀nà padà, kí wọ́n ṣe gegele tó dábùú, tó sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí omi máa yà sínú igbó. Ẹ̀yin á rí nǹkan fò lórí rẹ̀, ọ̀nà wọn náà á sì pẹ́. Ẹ kò tiẹ̀ ní láti sọ ti fífò fún wọn.

Ẹ yẹ yangí náà wò kí wọ́n tó já a sílẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá tú ká lójú ẹsẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ kéré, òkúta á tú láìpẹ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, amọ̀ ti pọ̀ jù, á máa yọ̀ nígbà òjò. Èyí tó dì pọ̀, tí òkúta sì hàn nínú rẹ̀, ni kí wọ́n gbà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí i tí ojú ọ̀nà á ri gbágungbàgun bí páànù orí ilé. Eré ló ń fà á. Táyà á kan gegele kékeré kan, á fò, á balẹ̀, á ti yẹ̀pẹ̀ jọ síwájú, táyà tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gba etí ọ̀nà, ẹ dìde lórí ìjókòó, kí ẹ tẹ orúnkún.

Ẹ̀rù eré tiyín gan-an ló ń bà mí jù. Gbòǹgbò yẹn ló ń dá yín dúró tẹ́lẹ̀. Ojú ọ̀nà tó dán á jẹ́ kí ẹni tó ń sá kìlómítà 15 ní wákàtí kan máa sá 30, ibi tó máa nílò kó tó lè dúró lẹ́yìn tó bá ti fa bíréèkì kò sì ní jẹ́ ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ìyá tó ru igi dání kò ní gbọ́ yín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1968 ló fún oníkẹ̀kẹ́ láyè láti gba ọ̀nà ẹlẹ́ṣin ìgbèríko, òfin kan náà ló sì ní kí wọ́n yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Síbẹ̀ ìjà kò tán níbẹ̀: ní ọdún 2014, àwọn oníkẹ̀kẹ́ fárígá ní Derbyshire nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ da òkúta bo àpáta ọ̀nà Rushup Edge. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ dẹwọ́ eré láti òkèèrè, ẹ kí wọn “ẹ kú ọ̀nà o,” kí ẹ dúró fún màlúù.

Ní ti táyà, ẹni tó wọn bíi kílò 70 lórí táyà tó fẹ̀ tó íǹṣì 2.2 lè fi afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sí 30 psi, ìyẹn òǹkà tó wà lára páǹpù. Bí òkúta bá ti tú, kó dín in díẹ̀. Kó má lọ sísàlẹ̀ 25 bí túùbù bá wà nínú rẹ̀, torí àárín òkúta àti ríìmù ni túùbù á ti gé, ihò méjì lẹ ó sì bá lára rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí apá kan ṣẹ́ kù fún yín, ẹ bèèrè ibi tí àpáta pọ̀ sí, tí ọ̀kadà kò lè gbà, kí wọ́n jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tuntun. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà. Ẹ má fúnra yín la ọ̀nà gba inú kajú ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá sì ti da yangí tán kí ẹ tó débẹ̀, ẹ dúró de òjò ńlá àkọ́kọ́, kí ẹ wo ibi tí omi ti dúró àti ibi tó ti ń là. Lẹ́yìn náà kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ baálẹ̀, kí ẹ kó ọkọ́ dání lọ́jọ́ Sátidé kan, kí ẹ ya ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.