Ìkòkò kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ gbé kaná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Dókítà sọ pé ìfúnpá dádì àwọn ọmọ mi ti lọ sókè, ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù kí wọ́n sì máa ṣe eksasáìsì. Mo wá ń se ọbẹ̀ méjì, tiwọn lọ́tọ̀, tàwa yòókù lọ́tọ̀, àmọ́ tó bá dalẹ́ dádì á yọ́ lọ bu tàwọn ọmọ. Àwọn ọmọ náà, ọdún 12, 9 àti 5, Indomie àti mínírà ni wọ́n mọ̀, tí wọ́n bá ti tilé ìwé dé, fóònù yá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ilé o mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìkòkò kejì yẹn kúrò lórí iná. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ibi tó sì ti máa ń dàrú nìyẹn, ẹni tẹ́ ẹ bá ń bu oúnjẹ aláìsàn fún nínú ilé ara ẹ̀ á máa rò pé ìyà lẹ fi ń jẹ òun, á sì máa yọ́ jẹ. Oúnjẹ tó dáa fún dádì náà ló dáa fún ọmọ ọdún 5 yẹn.

Ká mú iyọ̀ ná. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má pé gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ, tọmọdé tún kéré sí i. Ẹ má wo ike iyọ̀ nìkan o, torí iyọ̀ wà nínú magí, ó wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú ọ̀rá kékeré inú Indomie yẹn, irú gan-an, àwọn kan máa ń po iyọ̀ mọ́ ọn kó má bàa tètè bàjẹ́, ẹ bi oníirú yín dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí ò níyọ̀, ẹ sọ ọ́ sọ́bẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, efinrin àti atalẹ̀, ilé á ta sánsán. Tó bá jẹ́ magí mẹ́ta lẹ ń fi sí i, ẹ fi méjì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kan, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ahọ́n máa mọ́ ọn lára, tẹ́ ẹ bá wá lọ jẹun níbi òde, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ní iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Àwọn èèyàn á tún ní kí dádì jáwọ́ nínú àmàlà. Àmàlà ò ṣẹ̀ jàre, òkèlè tó tóbi bí orí ọmọ tuntun ló ṣẹ̀. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí àmàlà àti ẹja tàbí ẹ̀wà pín ìdajì tó kù.

Ní ti mínírà, ẹ má bá wọn jà, ẹ kàn má rà á wálé mọ́. Ike 50cl kan lè ní ṣúgà tó ju gíráàmù 50 lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka kóró ṣúgà 12 sínú ife omi, kẹ́ ẹ ní ta ló fẹ́ mu ún. Indomie náà, ìdajì ọ̀rá yẹn tó, ẹ fi ẹyin àti ẹ̀fọ́ sí i, kí ọmọ ọdún 9 bá yín já ẹ̀fọ́ náà. Tí èyí àbíkẹ́yìn bá kọ̀ ọ́, ẹ má fipá mú un, ẹ tún gbé e wá lọ́jọ́ mìíì, ó lè tó ìgbà mẹ́wàá kí ọmọ tó gbà, àmọ́ kó máa rí dádì tó ń jẹ ẹ́ o.

Eksasáìsì ò gba owó. Àgbàlagbà nílò ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, àwọn ọmọ wákàtí kan lójúmọ́. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ kí gbogbo yín jáde lọ rìn, fóònù á wà nílé, tiyín náà! Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa yára tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ fi lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tẹ́ ò ní lè kọrin. Tójò bá ń rọ̀, ẹ jó ní pálọ̀. Ṣé ẹ rántí tẹ́ń-tẹ́ń? Ẹ kọ́ wọn, wọ́n á fi yín ṣẹ̀sín ṣáá.

Kí dádì má torí èyí jáwọ́ nínú òògùn o, tí àyà bá sì ń dùn wọ́n tàbí òòyì ń kọ́ wọn níbi tẹ́ ẹ ti ń rìn, ẹ dúró, kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá nílé, ọmọ ọdún 12 yẹn ni kó máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sínú ìwé, ìwé yẹn sì ni kí dádì gbé lọ bá dókítà.