Kóòdù gígùn tó jáde lẹ́yìn ìbò: ẹ má tíì pa fóònù yín dé

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín bá mi níbi tó ń dùn mí. Ẹ fi íńtánẹ́ẹ̀tì dìbò ẹgbẹ́ wa tó wà nílé láti òkè òkun níhìn-ín, kóòdù gígùn kan jáde, ẹ wá ń béèrè bóyá òun lẹ máa fi mọ̀ pé wọn ò yí ìbò yín.

Òun ni. Wíwọlé sórí ìkànnì ìdìbò náà ò le, mi ò ní bá a lọ jìnnà. Ẹjọ́ kọmítì tó ń ṣètò ìbò ni mo fẹ́ rò. Mo béèrè bí mo ṣe lè yẹ ìbò mi wò, akọ̀wé wọn ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ kì í purọ́. Mo tún kọ̀wé, ó ní ṣé mi ò fọkàn tán àwọn ni. Ẹ gbọ́ o! Torí ká má baà gbára lé ẹnu akọ̀wé ni kóòdù yẹn ṣe wà.

Ibi tó léwu rèé. Nínú irú ètò yìí, bíi ti Helios, ètò ìdìbò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, kẹ́ ẹ tó fi ìbò ránṣẹ́, ẹ láyè láti dán ẹ̀rọ wò. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ìbò náà kí ẹnikẹ́ni má lè kà á, ó ti fi kóòdù hàn, kò sì mọ̀ bóyá ẹ máa ní kó ṣí i kẹ́ ẹ rí ohun tó kọ, tàbí ẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹ̀rù ò ní jẹ́ kó ṣe jìbìtì. Àmọ́ ìbò tẹ́ ẹ bá ti ṣí wò, wọn ò ní kà á, torí àṣírí ẹ̀ ti tú. Ẹ gbọ́dọ̀ tún un tì, kóòdù mìíràn á jáde, ìyẹn lẹ máa wá fi ránṣẹ́. Àbúrò ìyàwó mi dán tiẹ̀ wò, ó rí i pé ó pé, ó bá lọ sùn. Kò dìbò rárá! Ìgbà tí ìbò parí ló tó mọ̀.

Kóòdù tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ tọ́jú, kẹ́ ẹ wá a lójú ewé tí wọ́n to àwọn ìbò tó wọlé sí. Tó bá bára mu, ó ti wọlé bẹ́ ẹ ṣe fi í ránṣẹ́. Kò sọ ẹni tẹ́ ẹ yàn, torí náà kí olùdíje kankan má fi dẹ́rù bà yín.

Ti Estonia yàtọ̀ o. Láti 2013, fóònù ni wọ́n fi ń ka kóòdù QR níbẹ̀, orúkọ ẹni tí olùdìbò yàn á sì hàn, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú 30 péré.

Ká padà sí ìbò tiwa: tẹ́ ẹ ò bá rí kóòdù yín lójú ewé tí wọ́n to ìbò sí, ẹ má pe akọ̀wé. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo kọmítì pa pọ̀ kí ìbò tó parí.