Èsì: Ìdí tí ṣíbí tí a fi igi tútù gbẹ́ fi ń sán

Ẹ béèrè ìdí tí ṣíbí yín fi ń sán bí ó bá ti ń gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi tútù tó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ ni ẹ lò. Àárín igi náà ni mo fura sí. Bí ẹ bá gbẹ́ odindi ẹ̀ka láìkọ́kọ́ là á sí méjì, mùdùnmúdùn rẹ̀, ìyẹn apá rírọ̀ tó wà ní àárín gbùngbùn igi, ṣì wà nínú ṣíbí náà, bẹ́ẹ̀ sì ni igi tó ń gbẹ a máa súnkì yíká ju bó ṣe ń súnkì láti àárín síta lọ, tí kò fi ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó sán. Ẹ fi àáké là á gba àárín, kí ẹ sì gé mùdùnmúdùn náà dànù pátápátá.

Ẹ gbẹ́ ẹ kí nínípọn rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wá fi èérún igi náà bò ó nínú àpò bébà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe nínú ọ̀rá, nítorí pé yóò bu. Bí ó bá gbẹ tán ni kí ẹ tó fi ọ̀bẹ mímú fá ojú rẹ̀ kẹ́yìn. Èmi kì í sáábà lo sáńpépà, nítorí ojú tí ọ̀bẹ fá ló máa ń dán jù lójú mi.