Wọ́n pa Ugwu tì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá kí ẹ wo fíìmù Half of a Yellow Sun báyìí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé náà tán. Ẹ sinmi oṣù díẹ̀ ná. Èmi ò ní sùúrù yẹn, ó sì dùn mí gan-an.

Ojú Ugwu, ọmọ ọ̀dọ̀, ni Adichie fi ṣí ìwé yẹn: ọmọ oko tó ṣí fíríìjì ọ̀gá, tó ki adìyẹ bọ àpò ṣòkòtò torí ọmọ ìyá rẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé. Nínú fíìmù, ìfẹ́ Olanna àti Odenigbo, ọ̀gá Ugwu, ló gba gbogbo iwájú. John Boyega tó ṣe Ugwu mọ eré ṣe, àmọ́ wọn ò fún un láyè.

Ìwé náà tún ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ọdún. A ti fẹ́ràn Baby, ọmọ tí Olanna ń tọ́, kí á tó mọ ìyá tó bí i. Biyi Bandele tó darí fíìmù náà (kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere) tò ó tẹ̀léra, àṣírí yẹn sì tú kó tó dùn.

Onyeka Onwenu tó ṣe ìyá Odenigbo nìkan ló rí bí mo ṣe rò ó. Torí tirẹ̀, ẹ padà wò ó.